Bakitéríà Nìkan Kò Lè Tún Ilẹ̀ Ògijo Ṣe

Sí Olóòtú,

Láti ìgbà tí ìròyìn ti jáde ní 2025 pé òjé wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ògijo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, ni mo ti ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé bakitéríà inú ilẹ̀ yóò jẹ májèlé náà tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n ṣàlàyé ibi tí agbára wọn mọ.

Lóòótọ́, bakitéríà, ìyẹn àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, wà tó ń jẹ epo rọ̀bì tó bá dà sílẹ̀. Òjé kò ṣeé jẹ tán bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n lè ṣe kò ju pé kí wọ́n sé e mọ́lẹ̀ lọ. Àwọn bakitéríà kan ń tú fọ́sífétì, èròjà kan tó há sára erùpẹ̀, sílẹ̀, fọ́sífétì náà á so mọ́ òjé, á sì di òkúta wẹ́wẹ́ tí gbòǹgbò ẹ̀fọ́ kò lè fà mu. Àwọn mìíràn, tí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́, ni wọ́n ti ń lò láti 1992 ní Budel, lórílẹ̀-èdè Netherlands, láti yọ síńkì, tí òun náà jẹ́ irin bí òjé, kúrò nínú omi abẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ó sì wù mí kí àwọn onímọ̀ wa náà tẹra mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń rákò kò jẹ òjé láti inú ẹ̀fọ́ nìkan. Eruku àgbàlá ló ń fi ọwọ́ kó sẹ́nu. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọ tí òjé pa, nítorí pé àárín ilé ni wọ́n ti ń lọ òkúta góòlù tí òjé wà nínú rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ha erùpẹ̀ òkè kúrò ní abúlé Dareta àti Yargalma níbẹ̀, tí wọ́n lọ sin ín, tí wọ́n sì da erùpẹ̀ tó mọ́ lé ojú ibẹ̀. Ní abúlé Bagega, tí iṣẹ́ ọ̀hún kò bẹ̀rẹ̀ títí di 2013, àwọn dókítà kò lè tọ́jú àwọn ọmọ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pé inú eruku kan náà ni wọn yóò tún padà sí.

Nítorí náà, ní Ògijo, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá èéfín ibi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé bátìrì dúró, kí a ha ilẹ̀ àgbàlá àti ti ọgbà ilé-ìwé, kí a wá fi oko tí òjé inú rẹ̀ kò pọ̀ sílẹ̀ fún bakitéríà àti ajílẹ̀. Kí a sì máa yẹ erùpẹ̀ àti ewé ẹ̀fọ́ wò lọ́dọọdún, torí pé bí erùpẹ̀ bá di kíkan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, òjé tí a ti sé mọ́lẹ̀ lè tún yòrò sínú omi. Èsì àyẹ̀wò náà ni kí ìjọba lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà, lédè Yorùbá, kí ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ lè kà á.

Èmi ni olùkàwé yín,
Ṣágámù.