Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ lórí làálì dúdú

Ìjẹ̀bú-Òde

Àṣàkẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí mo ti rí fọ́tò ọwọ́ rẹ ni n kò ti fojú ba oorun. Òdòdó làálì tí wọ́n yà sí ọ lẹ́yìn ọwọ́ nítorí Ojúde Ọba ti ga sókè bí iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá, ìléròrò sì to tẹ̀lé gbogbo ìlà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí làálì kò dé ń dán geere. Nítorí náà, má dá ẹran Iléyá lẹ́bi, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ayé ló fọwọ́ kàn ọ́.

Ewé làálì gan-an kì í dúdú. Pípọ́n ló máa ń pọ́n, ó sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ kó tó mú. Èyí tó bá dúdú bí kóró iṣin láàárín wákàtí kan, dáì irun ni wọ́n pò mọ́ ọn, èròjà inú dáì náà tí wọ́n ń pè ní PPD sì ni ara rẹ kọ̀. Ọjọ́ kan sí mẹ́ta lè kọjá kí ìyún náà tó bẹ̀rẹ̀.

Fi omi tútù àti aṣọ mímọ́ rọra rọ̀ ọ́, fi faselini tí kò ní lọ́fínńdà pa á, má sì bẹ́ ìléròrò náà. Ìpara inú túùbù tí wọ́n ń tà lọ́jà pé ó ń wo èélá àti gbogbo ìyún, jọ̀wọ́, má dán an wò: púpọ̀ nínú wọn ní oògùn líle tí wọ́n ń pè ní clobetasol, tó máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́ bí èèyàn bá ń lò ó lálòpẹ́. Lọ rí dókítà ní OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, ní Ṣàgámù tó wà nítòsí rẹ. Bí ojú tàbí ètè bá wú, tàbí tí èémí bá ń há, má dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí o tó lọ.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fi dáì sí ewú orí mi, ó kàn yún mi lẹ́tí, mo ní kò sí nǹkan kan. Nígbà kejì, tó jẹ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ojú mi méjèèjì wú dí, n kò rí ọmọ mi bó ṣe ń jó. Ara tó bá ti kọ PPD lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé, kì í sì í mọ́ ọn lára. Láti òní lọ, dáì irun dúdú ti di èèwọ̀ rẹ. Sọ ọ́ fún onídìrí rẹ kí ó tó fọwọ́ kàn ọ́ lórí.

Máa ya fọ́tò ọwọ́ náà sí mi ní àràárọ̀ títí yóò fi jinná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ