Àdùkẹ́, mo ti ra ọkọ̀ ojú omi

Liverpool,
alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ọmọ ń kọ́? Ẹsẹ̀ Ìyá ń kọ́? Mo mọ̀ pé ò ń bínú pé láti ìgbà Àjíǹde ni mi ò ti pè. Bínú tán kí o tó jókòó, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn, Bàbá Ṣeun sì ti ní bí òun bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu mi, òun á kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́.

Mo ra ọkọ̀ ojú omi. Má pariwo, àwòrán ni. Ọjà kan wà níbí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí àwọn èèyàn ti máa ń ta ẹrù ilé wọn láti inú bùútù mọ́tò. Ìkòkò ọbẹ̀ ni mo wá lọ, àwòrán ọlọ́dà ni mo gbé bọ̀, pọ́n-ùn méjìlá. Ó fẹ̀ tó ojú fèrèsé, èéfín sìgá ti bò ó bí ògiri ìdáná ìyá alámàlà. Ọkọ̀ olópòó mẹ́ta, gbogbo ìgbòkun rẹ̀ yọ ikùn, àsíá pupa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí orúkọ ayàwòrán, kò sí orúkọ ọkọ̀. Ọkùnrin tó tà á ní ilé ìyá òun ló ti jáde, òun ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo délé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì lábẹ́ iná, ìgbà náà ni mo rí i: àwọn ojú dúdú onígun mẹ́rin, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àyà mi já. O mọ ìlú tí mò ń gbé. Títí òfin 1807 tó ka òwò ẹrú léèwọ̀ fi dé, àwọn ọkọ̀ Liverpool wà lára àwọn tó ń kó èèyàn wa. Àwòrán kan wà lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ibí tí William Jackson yà ní nǹkan bí 1780. Ọkọ̀ ẹrú ni, ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀: kí àwọn tí wọ́n kó sísàlẹ̀ lè mí. Mo ní, Bọ́sẹ̀, o ti fi owó ara rẹ rà á wọlé. Mo fi ìró bò ó, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Òru méjì gbáko, mi ò lè dá lọ bu omi mu ní ìdáná. Bàbá Ṣeun ní òun ò tíì gbọ́ pé iwin ń san pọ́n-ùn méjìlá wọkọ̀.

Kí n má gbàgbé: Ṣeun ti yege ìdánwò awakọ̀, ẹ̀rọ amómigbóná wa bàjẹ́ nínú òtútù, wọ́n sì ti mú mi kúrò ní iṣẹ́ òru. Ó tán.

Màmá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ní ọmọbìnrin kan, iṣẹ́ àtúnṣe àwòrán àtijọ́ ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́, ó wá. Ohun àkọ́kọ́ tó bèèrè ni òwú àti igi tín-ín-rín. Ó wé òwú mọ́gi, ó fi sẹ́nu, ó fi itọ́ ara rẹ̀ rẹ ẹ́! Ó ní itọ́ làwọn máa ń fi nu irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀, pé kì í jẹ ọ̀dà bí ọṣẹ. Àdùkẹ́, òyìnbó jókòó sí ìdáná mi, ó ń pọ́n òwú lá, ó ń yí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní igun àsíá, òwú ń dúdú, ó ń sọ ọ́ nù, ó ń wé òmíràn.

Ó ní kí n máa wo igun búlúù yẹn, ibi tí àsíá Britain wà nínú àsíá pupa náà. Bó bá jẹ́ pé ìlà funfun nìkan ló dábùú láti igun sí igun, àsíá tó wà ṣáájú 1801 ni. Bí pupa bá wà nínú funfun yẹn, ó ti kọjá ìgbà náà, torí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1801 ni wọ́n fi pupa ti Ireland kún un. Pupa yọ, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Mo kígbe. Ìgbà tó yá ni mo wá ka ìka: 1801 sí 1807, ọdún mẹ́fà. Kí ni ọkọ̀ ò lè kó lọ́dún mẹ́fà? Ayọ̀ mi tutù.

Ó wá wo àwọn ojú dúdú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ihò rárá, pé lára ọkọ̀ gan-an, ọ̀dà lásán ni. Àwọn ọkọ̀ oníṣòwò máa ń kun ojú ìbọn èké sára kí olè orí omi lè rò pé àgbá wà nínú. Àdùkẹ́, “Ṣọ́ra, ajá ń bẹ” ti lándílọ́ọ̀dù yín ní Ṣómólú nìyẹn, tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló so mọ́ ẹ̀yìn géètì! Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, mi ò mọ èwo ni mò ń ṣe mọ́.

Àmọ́ ẹ̀rín kì í ṣe ẹ̀rí. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Bébà tó bo ẹ̀yìn ti ya níbì kan. Ìṣó kéékèèké tó ti dípẹtà ni wọ́n fi kan aṣọ mọ́ igi, òǹtẹ̀ dúdú kan sì wà lára aṣọ náà, ó ti ṣá: Winsor & Newton, Rathbone Place. London làwọn yẹn ti ń ta ọ̀dà àti aṣọ àwòrán, ọdún 1832 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ò lè dàgbà ju ẹni tó tà á lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó tún yẹ etí rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti lẹ aṣọ tuntun mọ́ ẹ̀yìn ògbólógbòó, torí àwọn alátùn-únṣe máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ kan ṣoṣo ni.

Ìgbòkun kejì láti ìsàlẹ̀ lórí òpó kọ̀ọ̀kan ṣì jẹ́ ẹyọ kan gbàǹgbà. Láti àwọn ọdún 1850 lọ ni àwọn ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in sí méjì kí ọwọ́ atukọ̀ díẹ̀ lè ká a. Nítorí náà ó fojú bù ú sí ẹ̀yìn 1832, kó má fi bẹ́ẹ̀ kọjá 1860. Ó ní ó jọ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán etí èbúté tí ń yàwòrán fún ọ̀gá ọkọ̀: gbogbo okùn gbọ́dọ̀ pé, omi ò kan ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, ìgbì inú rẹ̀ rí bí irun àgùntàn. Nígbà yẹn, epo pupa làwọn ọkọ̀ Liverpool wá ń kó lọ́dọ̀ wa, fún ọṣẹ àti àbẹ́là. Ṣé ọkọ̀ tèmi débẹ̀? Orúkọ rẹ̀ nìkan ló lè sọ.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Àsíá kékeré kan wà lórí òpó àárín, funfun ni, bọ́ọ̀lù pupa wà nínú rẹ̀. Àsíá ẹni tó ni ọkọ̀ ni. Àdùkẹ́, tòmátì! Àwòrán pálọ̀ Bàbá Àgbà ní Lafíàjí, lókè rédíò, èyí tí òyìnbó tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ní Marina fi sílẹ̀ fún wọn, tí a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. O ò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yìn rẹ ló jẹ ẹgba rẹ̀. Ṣé kì í ṣe tòmátì la máa ń pe ohun tó wà lórí òpó yẹn? Ọ̀rọ̀ kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ lọ́ mọ́ra wọn, a ò lè kà á. Ó lè jẹ́ orúkọ. Bí a bá rí orúkọ, ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ti Lloyd’s wà, èyí tó pẹ́ jù tó ṣẹ́ kù jẹ́ ti 1764. Á sọ ẹni tó ni ín, ibi tí wọ́n ti kàn án, ibi tó ń ná.

Mo gbọ́ lẹ́nu Múyìbátù pé Bùọ̀dá Tájù ti ta ilé náà, pé katapílà ń bọ̀ kí oṣù tó parí. Ṣé òótọ́ ni? “Ilé yìí kì í ṣe títà” tó wà lára ògiri ńkọ́, ta ló kùn ún? Mi ò dá sí ọ̀rọ̀ ẹbí yín, mi ò ní ìpín níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀: lọ gbé àwòrán yẹn kúrò lógiri kí katapílà tó dé. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọṣẹ tàbí kẹrosíìnì nù ún; itọ́ pàápàá, gbé e mì. Ya fọ́tò tòmátì yẹn, ya ti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, kí o yí i padà kí o ya ẹ̀yìn rẹ̀. Bí bébà bá bò ó, má fà á ya. Fi aṣọ wé e, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ ni kí o gbé e sí, kì í ṣe sítọ́ọ̀ tó ń jò yẹn.

Bí Bùọ̀dá bá béèrè ohun tí o fẹ́ fi ṣe, sọ fún wọn pé kì í ṣe ìwọ lo fọ́ gíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni, mo sì ti ṣe tán láti san án.

Bọ́sẹ̀ rẹ