Lẹ́tà Sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́ Ní Ìbẹ̀rẹ̀ Sáà Kejì

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìyèdún, ẹ kú ọyẹ́, ẹ sì kú ìnáwó àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹgbẹ́ aláàánú àdúgbò wa kó wá ló ká mi lára jù ní sáà yìí.

Àyálò ni ìwé náà. Méjì ni ọmọ kan lè yá lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ Ẹtì ni yóò sì dá a padà. Ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ lè tẹ̀ka. A kò ní gba owó ìtanràn lórí ìwé tó bá ya, torí ọmọ tó bá ń bẹ̀rù owó yóò kàn fi ìwé pamọ́ ni, a ò sì ní rí i mọ́. Bó bá ya, ẹ fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi séló tépù lẹ̀ ẹ́: bó bá pẹ́ lára bébà, á pọ́n, á gbẹ, á sì ba ojú ìwé jẹ́. Òwú àti gọ́ọ̀mù la ó fi tún un ṣe níbí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá bo ìwé tí ọmọ bá yá. Ẹ da ojú tó ń dán bolẹ̀, ẹ gbé ìwé lé e, kí ẹ gé e kó fi ìka mẹ́ta ju ìwé lọ yíká. Ẹ ṣẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ná, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ pa ìwé dé kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì; bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ nígbà tí ìwé ṣì là sílẹ̀, á fún jù, á sì ya ẹ̀yìn ìwé. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ikán. Àsìkò kajú sì ti ń wọlé bọ̀: kí ọmọ fọwọ́ kó tó ṣí ìwé, torí àbàwọ́n omi kajú kì í ṣí lára bébà.

Ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láago 2:30 sí 4:00. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Ọjà Jagun, àtẹ̀yin tí ẹ ń ṣa kajú, a mọ̀ pé àwọn ọmọ ń ràn yín lọ́wọ́. Ẹ bá wa yọ̀ǹda ọjọ́ méjèèjì. Bí kò bá rọrùn, ọjọ́ kan sàn ju àìwá rárá.

Ọmọ tí kò bá ní bàtà, aṣọ tàbí oúnjẹ ọ̀sán, kí òbí rẹ̀ wá rí igbákejì mi. A kò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni ní ásẹ́ḿbìlì, ẹgbẹ́ náà kò sì ní ya fọ́tò ọmọ yín láìjẹ́ pé ẹ gbà.

Àwọn JSS 3: ẹ mú ẹ̀dà ìwé-ẹ̀rí ọjọ́-ìbí wá kí a tó kọ orúkọ ìdánwò sílẹ̀. Bí ọmọ bá ń jẹ́ Ayọ̀délé lórí ìwé-ẹ̀rí náà, tó ń jẹ́ Délé nínú rẹ́jísítà wa, ẹ tètè sọ fún wa, ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń gba àkókò láti tún ṣe.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá ìwé, láago 8:00 àárọ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́, Ògbómọ̀ṣọ́