Kẹ̀kẹ́ Tí Ẹ Fi Ń Ṣẹ́ Kèké

Mushin,
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú.

Dèjì ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwa náà wà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Tómi ní kí n máa sọ ọ́ kóun máa bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp, mo ní rárá. Ìdí tí mi ò fi jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ máa yé ẹ tó o bá kà á dé ìsàlẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù Ṣẹ́gun ló máa mú un wá bá ẹ ní Marina. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa, tó o bá rí i pé wọ́n ti ṣí i, sọ fún mi. Fún ọmọ náà lówó ọkọ̀.

Owó oṣù tó kọjá ò tíì wọlé. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń bínú sí. Mo kàn ní kí n sọ ọ́, kó má lọ dà bíi pé mi ò rí i.

Ọ̀rọ̀ wíìlì orí fóònù ẹ ni mo fẹ́ bá ẹ sọ.

Tómi ló sọ ọ́. Má bá a jà, kò mọ̀ pé ó máa dùn mí, ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Ó ní nígbà tóun ń ṣe IT lápá ibi iṣẹ́ yín, òun yà kí ẹ lọ́jọ́ kan, ó sì bọ́ sí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní ẹ̀yin márùn-ún lẹ dúró lẹ́nu géètì, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé kí lo fẹ́ jẹ. O yọ fóònù, o tẹ̀ ẹ́, wíìlì aláwọ̀ mèremère bẹ̀rẹ̀ sí í yí: àmàlà, ráìsì ọ̀fadà, ẹ̀wà aganyin, sọ̀wámà, búkà Ghana High. Ó yí títí, ó dúró sórí ẹ̀wà aganyin, gbogbo yín hó yèè, ẹ bá tò tẹ̀lé e bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ṣe tẹ̀lé ìkùukùu.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ ní ọgbọ́n wà níbẹ̀. Wákàtí kan péré ni wọ́n fún yín. Bí ẹ bá fi ogún ìṣẹ́jú jiyàn, ìyá olóúnjẹ á ti máa fọ ìkòkò kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Wíìlì kì í ṣe ojúsàájú. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú yín ò lè fi ipò wọ́ yín lọ síbi tí oúnjẹ ti wọ́n ju àpò yín lọ, ẹni tí ẹnu ẹ̀ dùn jù ò sì lè máa borí lójoojúmọ́. Ìyẹn dáa, mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wà aganyin, Dèjì! Ata díndín dúdú tó ń yọ̀ nínú epo yẹn, ìwọ ọlọ́gbẹ́ inú! Ṣé wíìlì ló jókòó tì ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn mọ́jú lọ́dún kẹta sẹ́yìn? Èmi ni. Èmi ni mo di garawa mú tó o ń bì sí. O ti dàgbà, mo mọ̀, ọmọ ọdún 33 kì í ṣe ọmọdé. Èwo wá ni ti pé fóònù ló ń sọ ohun tó máa wọ inú ẹ fún ẹ? Ṣé fóònù náà ló máa mú ìyàwó wá?

Òjò ti ṣí páànù ilé ìdáná. Ìyá Ṣadé ti di ìyá àgbà, ọkùnrin làǹtì lanti ni. Lánlọ́ọ̀dù tún ti fi kún owó ilé. Gaàrí Ìjẹ̀bú tí mo kó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá kan dáadáa, bó o ṣe fẹ́ràn ẹ̀, mo ti bu tìẹ sílẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí kì í ṣe oúnjẹ. Jẹ́ kí n sọ ọ́. Tómi ní nígbà tó o fún òun ní fóònù kóun náà yí i, òun rí wíìlì mìíràn lábẹ́ ti oúnjẹ. "Sátidé" lo pè é. Ìlà márùn-ún ló wà nínú ẹ̀: Sùn. Bọ́ọ̀lù. Fọ aṣọ. Lẹkí. Mushin.

Mushin. O ò tiẹ̀ kọ Màmá. Orúkọ àdúgbò lo kọ, bí ìgbà tí kọ̀ńdọ́ ń pe èrò sínú dánfó.

Ṣé wíìlì ló ní kó o má wá, Dèjì? Ṣé òun ni?

Mo bẹ Tómi kó fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí. Ó jókòó tì mí lórí àpótí, ó kọ oúnjẹ mẹ́fà sórí fóònù tiẹ̀. Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àyè ẹyọ kan nínú mẹ́fà, àti pé bí mo bá kọ àmàlà lẹ́ẹ̀mejì, àyè tiẹ̀ á di méjì. (Ìwọ náà ì bá ti kọ Mushin lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn ò ná ẹ ní nǹkan kan.) Ó ní wíìlì kì í rántí àná, pé ó mú ọ̀fadà lónìí ò ní kó má tún mú un lọ́la. Ó ní inú fóònù lọ́hùn-ún, nọ́ńbà kan ni kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀, á máa fi ìṣirò pò ó títí tí ojú èèyàn ò fi ní mọ ibi tó máa já sí. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá tún fún un ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ohun tó mú tẹ́lẹ̀ gan-an ló máa tún mú. Wọ́n kọ́ wọn ní Yaba Tech, òun náà ti ṣe irú ẹ̀. Ó ní nínú èyí tóun ṣe, kọ̀ǹpútà á ti mú oúnjẹ tán kí wíìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Yíyí yẹn, ojú ayé lásán ni, kó lè dùn ún wò.

Mo ní kó tún un sọ. Wọ́n ti mú un tán kó tó yí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

Mo dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí níbi kan, màá padà síbẹ̀.

Mo wá bi í ní ọ̀rọ̀ Sátidé ẹ. Ọjọ́ Ẹtì Rere lo wọlé yìí gbẹ̀yìn, tó o wá jẹ fréjọ̀n. Nítorí ẹ ni mo ṣe ń se é lọ́dọọdún. Mushin níbí kọ́ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ̀wà tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè, oúnjẹ àwọn Àgùdà Campos tí wọ́n bí mi sí ni, àwọn baba wọn ló gbé e ti Brazil dé. Àwọn ará ilé yìí máa ń ní báwo ni ẹ̀wà ṣe ń dùn bíi ṣúìtì. Ìwọ nìkan lo máa ń fá ìkòkò ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, mo fi bírò pa á lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, Sátidé 20 ti kọjá.

Tómi mú ìwé, ó ṣírò. Ó ní bí Mushin bá jẹ́ ẹyọ kan nínú márùn-ún, tí èèyàn 100 sì ń yí wíìlì bẹ́ẹ̀ fún Sátidé 20, bí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni Mushin ò ní bọ́ sí lọ́wọ́ rárá. Ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún! Ó ní, "Màmá, ó ti ní láti mú Mushin rí. Ó jọ pé wọ́n tún un yí ni." Lẹ́yìn náà ló rí ojú mi, ló bá ní bóyá bọ́tìrì ló kú.

Kì í ṣe bọ́tìrì.

O ti rí Mushin, o tún un yí. Mo ro ó lálẹ́, mo ro ó láàárọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ń padà sí. Ó dúró sórí ìyá ẹ, o wò ó, o fi àtàǹpàkò tún un tì. Ká ní o ò tiẹ̀ kọ mí síbẹ̀ ì bá sàn. O máa ń ní sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ni, pé láti Ajah gba Third Mainland dé ọ̀dọ̀ mi, odindi ọjọ́ ló ń jẹ. Reluwé pupa ń kó èrò láti Àgbádò dé Òyìngbò láti 2024, ó sì ń dúró ní Mushin níbí. Mi ò fẹ́ gbọ́ ti sún kẹẹrẹ mọ́.

Mo ti fi igbe kọ apá òkè yẹn. Jẹ́ kí n rọra sọ ìyókù.

Nígbà tiwa, kèké là ń ṣẹ́. Lóde òní, kẹ̀kẹ́ lẹ fi ń ṣẹ́ kèké, ìyẹn nìkan ló yàtọ̀. Àwọn awakọ̀ inú ìwé Jónà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣẹ́ ẹ, nígbà tó mú Jónà, wọn ò ní kí wọ́n tún un ṣẹ́ torí ojú ń tì wọ́n láti ju èèyàn sómi. Bàbá tó bí bàbá mi, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ń dà, awẹ́ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kó ṣíjú sókè, odù 256 ló lè ti ibẹ̀ jáde. Mo máa ń jókòó tì í ní kékeré. (Má jẹ́ kí Wòlíì gbọ́ pé mo kọ èyí.) Mi ò rí i lọ́jọ́ kan kó dà á, kó wò ó, kó ní odù yìí ò tẹ́ òun lọ́rùn, kó tún un dà. Èmi ọmọ ọmọ ẹ̀ ló ṣe irú ẹ̀.

2003 ni. Ọmọ ọdún 11 ni ẹ́, Ṣẹ́gun jẹ́ 13. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá yín ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá sílé, gaàrí mi nìkan là ń jẹ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé kí á mú ọmọkùnrin kan wá, òun á rán an nílé ìwé dópin. Ọ̀kan. Bàbá yín ní òun ò lè yan ọ̀kan nínú ọmọ òun, kí á ṣẹ́ kèké láàárọ̀ lójú yín. O rántí agolo mílíìkì yẹn. O rántí pé Ṣadé ló ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tó mú ìwé tá a ká, tó ka orúkọ ẹ, tó o fò sókè.

A ti kọ́kọ́ ṣẹ́ ẹ lóru. Èmi ni mo ní ká dán an wò. Ó mú Ṣẹ́gun. Mo ní a ò mi agolo náà dáadáa. A tún un ṣe, ó tún mú Ṣẹ́gun. Bàbá yín wò mí, kò sọ̀rọ̀, ó jáde lọ jókòó síta. Èmi ni mo kọ ìwé méjì tó wà nínú agolo láàárọ̀, Dèjì. Orúkọ ẹ ló wà nínú méjèèjì.

Wọ́n ti mú un tán kó tó yí.

Tí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró síbí, o lè rò pé ìwọ ni mo fẹ́ràn jù. Mi ò fẹ́ parọ́ kún irọ́. Ṣẹ́gun ló ń bá mi ru àpò gaàrí ní ọjà Ojúwòyè. Òun ló mọ owó kà, òun ló mọ oníbàárà tó jẹ wá ní gbèsè. Bó bá lọ, ọjà mi ti kú. Ìwọ ń ṣe àìsàn, ìwọ ń sunkún, ìwọ ni mo lè yọ̀ǹda. Ní Ojota, bí bọ́ọ̀sì Ìbàdàn ṣe ń lọ, ò ń juwọ́ sí mi, ò ń rẹ́rìn-ín. Mo ra gúgúrú fún ara mi, mo jẹ ẹ́ títí dé ilé, mi ò mọ̀ pé mo jẹ nǹkan.

Ṣẹ́gun ló gbá ilẹ̀ ọjọ́ yẹn. Ìwé kejì ṣì wà nínú agolo. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣí i. Ó lọ kọ́ṣẹ́ rẹwáyà ní Ládípọ̀, kò bi mí ní nǹkan kan títí dòní, òun ló sì ń san owó iná mi.

Torí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé o to Mushin pọ̀ mọ́ fọ aṣọ, mo gbìyànjú láti bínú bó ṣe tọ́. Ẹ rí i, ìbínú náà kàn ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ ká ọmọ sínú ìwé. Mo sì ń wò ó pé bóyá ọmọ tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda, kò ṣòro fún un láti yọ̀ǹda ìyá ẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó lè jẹ́ pé oorun ló ń kùn ẹ́ ní Sátidé, iṣẹ́ Marina ò kéré.

Máa fi wíìlì mú oúnjẹ, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́, yọ ẹ̀wà aganyin kúrò nínú ẹ̀ nìkan. Kó o sì yọ Mushin kúrò nínú ti Sátidé, lónìí. Bí o ò bá fẹ́ wá, pè mí, fi ẹnu ara ẹ sọ pé Màmá, mi ò wá. Màá gbọ́ ọ.

Ṣẹ́gun máa wà níbí ní Sátidé tó ń bọ̀, ó ní òun á ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méjì. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ agolo yẹn fún òun náà. Ẹ̀rù ń bà mí láti dá nìkan sọ ọ́. Mo máa ro àmàlà, gbẹ̀gìrì máa wà, ata ẹ̀ ò ní pọ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.

Má gbàgbé owó ọkọ̀ ọmọ yẹn. Gaàrí tí mo ní mo bù sílẹ̀ fún ẹ, Tómi ti ń mu ún.