Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ó fẹ́ sígbọnlẹ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé o ti fi kílò 5 wúwo sí i láàárín oṣù kan. Inú mi dùn gidigidi pé irin gbígbé kò tíì sú ọ. Ṣùgbọ́n n kò lè bá ọ yọ̀ lórí kílò 5 yẹn, ó sì yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ kí o tó tún fi òkèlè kún òkèlè lálẹ́ òní.

Iṣan kì í yára dàgbà. Bí ènìyàn tilẹ̀ ń gbé irin bó ti yẹ, tí ó ń jẹun, tí ó sì ń sùn, ó ní ìwọ̀n iṣan tí ara rẹ̀ lè mú jáde lóṣù kan, àjẹjù kò sì lè sọ ìwọ̀n náà di ìlọ́po méjì. Bírikìlà tí agbára rẹ̀ kò ju búlọ́ọ̀kù 200 lọ lójúmọ́, bí a bá já 1,000 sílẹ̀ fún un, 200 náà ni yóò tò, ìyókù yóò sì dí ẹnu ọ̀nà. Díẹ̀ nínú kílò 5 rẹ lè jẹ́ omi, díẹ̀ lè jẹ́ iṣan, ṣùgbọ́n ọ̀rá ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò fi ń há ọ ní ìbàdí nígbà tí apá ẹ̀wù rẹ ṣì fẹ̀.

Fún ìwọ tí o wà ní nǹkan bí kílò 70, kí o fi gírámù 200 sí 350 wúwo sí i lọ́sẹ̀ ti tó. Nǹkan bí kálórì (ìyẹn òṣùwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 200 sí 300 lórí èyí tí ara rẹ ń ná lójúmọ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ yẹn, kò sì pọ̀ rárá: ṣíbí ìjẹun kan epo pupa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 120, nítorí náà ṣíbí méjì tí o máa ń dà lé ẹ̀wà lẹ́yìn tí Màmá ti fi epo sè é ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí gbogbo àfikún ọjọ́ náà.

Ohun tó ń dùn mí jù ni àwo oúnjẹ rẹ. Ẹ̀bà ńlá, ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, àti ẹyọ ẹran kan péré! Gàrí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní purotéènì nínú, bẹ́ẹ̀ purotéènì ni ara fi ń mọ iṣan. Gírámù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ni kí o máa lé lójúmọ́, èyí tí í ṣe nǹkan bí 112 fún ọ. Purotéènì inú ẹyin ńlá kan jẹ́ nǹkan bí gírámù 6. Bu ẹ̀bà yẹn kù, kí o fi ẹja títùsì tàbí adìẹ dípò rẹ̀. Máa jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin láàárọ̀, kí o sì ra wàrà sóyà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, nítorí owó rẹ̀ kò ga bíi ti ẹran. Ìyẹ̀fun purotéènì inú ike tí wọ́n ń tà fún yín níbi tí ẹ ti ń gbé irin kò burú, ṣùgbọ́n oúnjẹ lásán ni, má tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ní ti irin fúnra rẹ̀, jẹ́ kí iṣan kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kọ ohun tí o gbé sínú ìwé, kí o sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Sun oorun tó wákàtí 7 ó kéré tán, bí ariwo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò yín bá gbà fún ọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ògùn amúnisanra tí o béèrè ló mú mi kọ lẹ́tà yìí kíákíá. Èyí tí wọ́n ń pè ní dẹ́sà, ìyẹn dexamethasone, kì í mọ iṣan fún ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló ń jẹ iṣan run bí ó bá pẹ́ lára, tí ó ń kó ọ̀rá sí ojú àti ikùn, tí ó sì ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ jẹ. Omi ògùn tí ń mú ni jẹun, èyí tí cyproheptadine wà nínú rẹ̀, ń mú oorun kunni, oúnjẹ púpọ̀ tó sì ń fà kì í yà sí iṣan bí kò ṣe sí ikùn. Bí o kò bá tíì fẹnu kan dẹ́sà, má fẹnu kàn án. Bí o bá sì ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, má dá a dúró lójijì, nítorí ara lè ti dẹ́kun àtipèsè irú èròjà yìí tí òun fúnra rẹ̀ máa ń pèsè. Lọ bá dókítà ní ọ̀la, kí o sọ òtítọ́ fún un. Èmi ni yóò san owó rẹ̀.

Ra téèpù aránṣọ, kí o fi wọn ìbàdí rẹ yíká ní ọ̀gangan ìdodo láàárọ̀ kí o tó jẹun, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ìbàdí bá ń yára fẹ̀ ju bí irin tí o ń gbé ti ń wúwo sí i lọ, dín oúnjẹ alẹ́ kù. Fi iye tí o bá rí ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ Sátidé, kí o sì bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.