Ẹ Máa Béèrè Ẹni Tó Gbin Àgbàdo

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ọ̀kan nínú yín sọ lójú mi láìpẹ́ yìí pé igbó kìjikìji tí kò lólúwa làwọn Gẹ̀ẹ́sì bá, tí wọ́n sọ di Amẹ́ríkà. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Èsì mi rèé.

Lóṣù karùn-ún ọdún 1607, bí ọkùnrin 104, tàwọn ọmọdékùnrin nínú wọn, tẹ̀dó sétí odò kan ní Virginia. Wọ́n fi orúkọ ọba wọn pe ibẹ̀ ní Jamestown. Èmi ò ní fojú di wọ́n: ó lé lóṣù mẹ́rin tí wọ́n lò lójú omi. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò London tó rán wọn ń retí èrè, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n rán ò sì di ọkọ́ mú rí. Wúrà ni wọ́n ń wá nínú àbàtà!

Ta ló wá ń bọ́ wọn? Àwọn ènìyàn Powhatan, ọba tó ni agbègbè náà. Àgbàdo wọn làwọn àlejò ń rà, tí wọ́n ń tọrọ, tí wọ́n tún ń fi ìbọn gbà nígbà míì. Nígbà tí ìjà dé, tí Powhatan sé oúnjẹ mọ́ wọn, ojú wọn rí màbo. Lásìkò òtútù 1609 sí 1610, wọ́n jẹ ẹṣin, wọ́n jẹ ajá, wọ́n jẹ eku. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú egungun ọmọdébìnrin kan níbẹ̀ tójú ọ̀bẹ wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn míì ti wá kún wọn nígbà náà, àmọ́ nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, bí 60 ló kù.

Tábà ló là wọ́n. John Rolfe, ọ̀kan nínú àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín ní nǹkan bí ọdún 1612, ó sì tà nílùú wọn lọ́hùn-ún. Tábà a máa jẹ ilẹ̀ lójú, ó sì ń fẹ́ ọwọ́ púpọ̀: ilẹ̀ àwọn tó bọ́ wọn ni wọ́n ń gbà, ọ̀dọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ò lówó ọkọ̀ ni wọ́n sì ń fi ṣe ìwọ̀fà ọlọ́dún gbọọrọ.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1619, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ ní Point Comfort, ní Virginia kan náà, pẹ̀lú àwọn ọmọ Áfíríkà tó lé ní 20. Láti Àǹgólà ni wọ́n ti kó wọn, inú ọkọ̀ Potogí ni wọ́n sì ti jí wọn gbé lẹ́ẹ̀kejì. Gómìnà àti olórí oníṣòwò ibẹ̀ rà wọ́n. Owó kọ́ ni wọ́n san o, oúnjẹ ni.

Èmi ni, bàbá yín.