Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tí Ẹ Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dọ̀gá, Ta Ló Ń Sọ Òótọ́ fún Yín?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. N kò ní fi ìkíni gba àkókò yín lọ títí, nítorí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ti jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ọ̀kan nínú yín ṣubú. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-ìwé rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́. Mo kọ́ ọmọ náà ní kíláàsì; nígbà tó jáde ní yunifásítì, ó tún wá ṣe tíṣà lọ́dọ̀ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń to táìmù-tébù tí tíṣà kan kò fi ní wà ní kíláàsì méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún 35 tí ilé-ìwé aládàáni kan fi í ṣe pírínsípà. Ọjọ́ tó wá sọ fún mi, mo jó. Sáà méjì péré ló lò níbẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ.

Kò jalè. Kò fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ mẹ́sàn-án ní SS3 kò lè jókòó ṣe WAEC, nítorí ilé-ìwé kò fi orúkọ wọn ránṣẹ́ kí gbèdéke tó kọjá. Tíṣà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìdánwò rí i pé orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Ó rí i nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́fà. Ọjọ́ mẹ́fà, ẹ̀yin ọmọ mi! Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo pè é, mo bi í pé kí ló dé tó fi dákẹ́. Ó ní, "Mà, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, mo gbé ìṣòro kan kalẹ̀ nínú ìpàdé. Pírínsípà wa ní kí n jáde. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ tíṣà tó ń gbé ìṣòro kiri, tó bá jẹ́ ìṣòro ni mo ní, kí n máa gbé e sílé mi. Ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ wá ojútùú sí èyí kí n tó débẹ̀." Ibi tó ti ń wá ojútùú kiri ni ọjọ́ ti lọ.

Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń ta ẹ̀kọ ní ọjà tí mo ti ń ra nǹkan. Ó yọ rìsíìtì owó tó san síta, ó ti fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa kàn án. Ó na rìsíìtì náà sí mi bíi pé èmi ni mo ni ilé-ìwé. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ìdákẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ yìí nìkan. Mo ń wo ẹ̀yin tí ẹ ń tètè di ọ̀gá lóde òní, ní ilé-ìwé, ní báńkì, ní ọ́fíìsì ìjọba, nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí. Ẹ mọ ohun tí a kò mọ̀ nígbà tiwa. Àmọ́ ibi tí ẹ bá ti gorí oyè, ibẹ̀ á dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú jáde, ẹ̀yin á sì máa rò pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún yín.

Tíṣà kan fi fóònù rẹ̀ hàn mí lóṣù tó kọjá. WhatsApp àwọn tíṣà ilé-ìwé wọn ni. Ọ̀gá tuntun ti tì í pa, òun nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. Mo fi ìka fà á sókè, mo tún fà á sókè, ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá pẹ́ lọ́la, mo gé 1,000 náírà. Kí ìwé ìgbaradì gbogbo yín wà lórí tábìlì mi kí aago méje tó lù. Kúèrì ń bọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kejì, n kò rí "ẹ káàárọ̀" kan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tíṣà obìnrin bímọ láàárín ìgbà náà. Kò síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti lè kí i pé ẹ kú ewu ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ má bàa rò pé n kò ṣe irú rẹ̀ rí.

1987 ni wọ́n kọ́kọ́ fi mí ṣe ọ̀gá, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Ọmọ ọdún 36 ni mí, mo jẹ́ obìnrin, mo sì jẹ́ àjèjì nílùú. Mo ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní fojú di mí. Tíṣà àgbà kan wà níbẹ̀ tó ti ṣe káfíńtà kó tó lọ gba Grade II, ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ tíṣà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, tí àwọn ọmọ ṣì tò sórí ìlà, ó rìn wá bá mi, ó tẹrí ba, ó ní, "Mà, igi òrùlé Praimárì 4 yẹn, ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Mo fi ọwọ́ kàn án lánàá, ó ń dún kòròfo." Mo dá a lóhùn lójú gbogbo ọmọ, mo ní, "Bàbá, ṣé tíṣà ni yín ni àbí káfíńtà? Ẹ padà síbi tí ẹ dúró sí." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó padà.

Kò tún sọ ọ́ mọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú, á kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Praimárì 2, á máa kọ́ wọn ní orin ìṣirò níbẹ̀. Mo rí i, mo pè é ní ọ̀lẹ. Mo fi tádàwà pupa kọ ọ́ sínú ìwé lọ́ọ̀gì pé tíṣà Praimárì 4 kì í fẹ́ dúró ní kíláàsì rẹ̀.

Ìjì jà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹrin. Nígbà tí mo fi máa dé ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, páànù ti wà nínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn wa, igi òrùlé kan sì ti já lu bẹ́ǹṣì iwájú, ó là á sí méjì. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké ni, àwọn tí kì í rí pátákó bí wọ́n bá jókòó sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Bàbá náà dé, kò sọ pé òun ti wí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ìṣó nílẹ̀ kí àwọn ọmọ má bàa tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo rí ohùn sọ̀rọ̀, mo bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò tún sọ fún mi?" Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mà, ẹ ti dá mi lóhùn nígbà yẹn."

Ó ti lé ní ọdún 35. Bí páànù bá ń ró nínú atẹ́gùn títí di òní, gbólóhùn yẹn ni mo máa ń gbọ́.

Ohun tó tún wá dùn mí ni pé mo mọ bí ọ̀gá ṣe ń jẹ́ kí tíṣà sọ̀rọ̀. Wọ́n ti ṣe é lójú mi. Ọmọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni mí, èyí tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fò láti bíi 457,000 sí ohun tó lé ní 811,000 láàárín ọdún kan. Nígbà tí mo wọlé ní 1957, ọmọ mẹ́rin ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, tíṣà tó kọ́ṣẹ́ kò sì tó. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí ilé-ìwé bá ti jáde, hẹdimásítà wa á kó àwọn tíṣà jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tí mo dé Praimárì 6, èmi ni mo máa ń gbé omi mímu lọ fún wọn, etí mi sì ń gbọ́. Ẹni tó kéré jù nínú àwọn tíṣà ni bàbá náà máa ń ní kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní bí òun bá ti lanu, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" nìkan ló kù tí wọ́n máa sọ. Bàbá yẹn kò rẹ́rìn-ín sí wa rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá bí ẹ̀rù eégún. Àmọ́ kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé-ìwé yẹn tí òun kò mọ̀.

Nígbà tí mo wá lọ ka B.Ed. ní Ìbàdàn, wọ́n kọ́ wa ní ìwádìí kan tí Kurt Lewin, Ronald Lippitt àti Ralph White gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1939. Àwọn ọmọkùnrin tí wọn kò ju bí ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá lọ ni wọ́n kó jọ ní ẹgbẹẹgbẹ́ láti máa fọwọ́ ṣe nǹkan. Olórí kan ń pàṣẹ wàà, òmíràn ń bá wọn jíròrò, òmíràn kàn ń wò wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń pàṣẹ fún ń ṣiṣẹ́ o, bí olórí bá ti dúró tì wọ́n. Ìgbà tó bá jáde nínú yàrá ni iṣẹ́ wọn ń fà sẹ́yìn. Àwọn tí olórí ń bá jíròrò kò dáwọ́ dúró bó tilẹ̀ jáde. Ẹ má sì ṣì mí gbọ́: èyí tó kàn ń wò wọ́n yẹn kò rí nǹkan gidi gbà lọ́wọ́ wọn. N kò ní kí ẹ di ọ̀gá tí kò lè sọ pé "rárá".

Àwọn kan nínú yín á ní, "Mà, àwọn ọ̀gá àtijọ́ le, ìdí nìyẹn tí ilé-ìwé fi dára." Wọ́n á ní ṣebí Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti le bí ojú ẹja. Ó le lóòótọ́. Ó ṣe pírínsípà Ijebu-Ode Grammar School láti 1918 títí di 1932, ó tún ṣe ti Abeokuta Grammar School títí di 1954, àwọn tó sì kọ́ kò gbàgbé ẹgba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kì í rántí ìyókù. Ọkùnrin yìí kan náà ló wà nídìí bí àwọn hẹdimásítà Ìjẹ̀bú ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1926 kí wọ́n lè máa jókòó sọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní 1931, òun ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti wá ibi tí tíṣà á ti máa sọ̀rọ̀, òun lẹ wá fi ń ṣe ẹ̀rí pé kí tíṣà dákẹ́! Ẹgba rẹ̀ lẹ mú, ìpàdé rẹ̀ lẹ fi sílẹ̀.

Ta ló tilẹ̀ kọ́ yín báyìí? Aláàfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, Ikú Bàbá Yèyé, ní Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run ṣíwájú wọn. Bó bá ṣe àṣejù, wọ́n á gbé igbá lọ bá a pé kó ṣígbá wò, kó fọwọ́ ara rẹ̀ kú, ó parí nìyẹn. Èkejì òrìṣà ní ẹni tó lè kọ̀ fún un. Ìwọ tí tíṣà rẹ kò ju méjìdínlógún lọ, o ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ọ lóhùn!

Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí ni.

Bí ẹ bá pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ kò ní tán, ẹ̀yìnkùlé ni yóò máa gbà wọlé. Olófòófó ni yóò di etí yín. Á dúró kí gbogbo ayé lọ tán, á rọra ti ilẹ̀kùn, á ní òun kò fẹ́ sọ ọ́ ni o. Mo ti rí ọ̀gá tó mọ ohun tí tíṣà rẹ̀ sè lálẹ́ àná, tí kò sì mọ̀ pé kànga ilé-ìwé ti gbẹ.

Ẹ ṣí WhatsApp yẹn. Bí ẹnì kan bá gbé ìròyìn burúkú wá, ẹ kọ́kọ́ ní "ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi". Ìbínú lè dúró di ọ̀la. Ẹ má gé owó oṣù ẹni tí ẹ kò tíì bi léèrè ohun tó dá a dúró lọ́nà. Ẹ máa lọ jókòó ní yàrá àwọn tíṣà nígbà oúnjẹ ọ̀sán, kì í ṣe láti ṣọ́ wọn o. Bí ẹ bá wọlé tí ibẹ̀ pa lọ́lọ́, èsì ìdánwò yín nìyẹn. Mẹ́gáàdì ló ń kọ́kọ́ rí ọmọ tó sunkún wá láti ilé. Ta ló ti bi í léèrè rí nínú yín?

Ìwọ ọmọ mi tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, mo mọ̀ pé wàá ka lẹ́tà yìí. Mo ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, o kò gbé e. N kò bínú sí ọ. Àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún GCE, wọn kò sì rí ẹni tó máa kọ́ wọn ní fisíìsì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi ni wọ́n á ti máa kàwé, ní gbogbo Sátidé, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo ti ra pátákó. Tíṣà ìdánwò yẹn ti gbà láti máa kọ́ wọn ní ìṣirò. Bí o bá dé, òun ni kí o kọ́kọ́ kí.

Èmi ni ìyá yín, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.